Ṣé Bàálù Onókùn Kékeré Lè Fò Dáadáa? Ìdáhùn fún Òbí Kan ní Kubwa

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Kubwa ni mo ń gbé. Ẹ̀gbọ́n màmá mi tó ti Amẹ́ríkà dé gbé páálí àtijọ́ kan fún mi, ó ní eré tí òun ṣe nígbà èwe òun lọ́hùn-ún ni. Ẹ́ńjìnnì Cox Babe Bee kan wà nínú rẹ̀, bàálù oníke PT-19 tí apá rẹ̀ ti là wà níbẹ̀, àti ọwọ́ ìdìmú kan tí okùn wé mọ́. Láti ìgbà náà ni ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún méjìlá, kò ti jẹ́ kí n sinmi. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń fi dírónù ya àwòrán níbi ìgbéyàwó ní bàálù onókùn kékeré kò lè fò dáadáa, pé ńṣe ló ń yípo bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn, kí n lọ wá èyí tó tóbi. Èwo nínú àwọn kékeré ni ẹ̀yin fẹ́ràn jù, báwo ni wọ́n ṣe ń fò, kí ni mo sì lè rí kọ́ níhìn-ín ní Abuja?"

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ àti èèkàn yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí pé ọ̀rẹ́ yín ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí àṣírí wà láìmọ̀. Ẹni tó bá ti da ẹran rí mọ̀ pé ewúrẹ́ tó ń fa okùn rẹ̀ le ṣeé darí, torí pé bí ọwọ́ ẹni bá yẹ̀ díẹ̀, ọrùn rẹ̀ á gbọ́ ọ. Èyí tó bá padà sún mọ́ èèkàn, tí okùn rẹ̀ wọ́lẹ̀, ni kò sí ohun tí ẹ lè fi okùn wí fún un. Bàálù onókùn kékeré rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí okùn rẹ̀ bá le, yóò fò, yóò ta tàkìtì, yóò sì dojú dé lójú òfuurufú láìbẹ̀rù. Bí okùn bá dẹ̀, kì í ṣe bàálù mọ́, òkò tí ẹnìkan jù ni. Àwọn tí mo fẹ́ràn nínú wọn ni àwọn tí okùn wọn kì í dẹ̀, àwọn tí n kò ka sí ni àwọn tí okùn wọn ń dẹ̀, ìyàtọ̀ náà kò sì ní í ṣe púpọ̀ pẹ̀lú bí wọ́n ṣe tóbi tó.

Kí àwọn òǹkàwé yòókù lè bá wa lọ, n ó ṣàlàyé díẹ̀. Bàálù onókùn kò ní rédíò kankan nínú. Awakọ̀ dúró sí àárín pápá, ó di ọwọ́ ìdìmú kan mú, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sì gba láti ibẹ̀ lọ sí orí apá òsì bàálù náà. Nínú bàálù, okùn méjèèjì so mọ́ irin pẹlẹbẹ onígun mẹ́ta kan tó ń yí lórí ìṣó, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní bellcrank. Wáyà líle kan gba láti ara irin yìí lọ sí ewé tó ń ṣí sókè sódò ní ẹ̀yìn ìrù. Bí awakọ̀ bá tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sókè, imú bàálù á gbé sókè. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ sódò, imú á dorí kodò. Kò sí ohun mìíràn tó lè darí, ẹ́ńjìnnì á sì máa sá ní ìwọ̀n kan náà títí epo yóò fi tán. Jim Walker, ará Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon, ló sọ ọ̀nà yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ní àwọn ọdún 1940, tó ń tà á lábẹ́ orúkọ U-Control pẹ̀lú bàálù rẹ̀ tó ń jẹ́ Fireball. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti so òwú mọ́ kòkòrò lẹ́sẹ̀ rí lẹ́yìn ilé, tí a jẹ́ kó máa fò yí wa ká, kò yẹ kí ó ṣe wá ní kàyéfì.

Àwọn tí a ń pè ní kékeré níbí ni àwọn tí ẹ́ńjìnnì wọn kò ju .049 lọ ní ìwọ̀n Amẹ́ríkà, ìyẹn bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin gbogbo. Babe Bee tó wà nínú páálí yín wà lára wọn. Ilé iṣẹ́ Leroy Cox ní Santa Ana ní California ló ṣe é, iye tí wọ́n sì ṣe pọ̀ débi pé títí di òní ni a ṣì ń bá a nínú àpótí àwọn bàbá àgbà.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a ṣírò okùn náà, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó ń bú bàálù kékeré kì í dé. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé bàálù yín wọn 170 gíráàmù, àti pé láti èjìká yín dé àárín rẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́wàá. Bí ó bá ń fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin yí yín ká lẹ́ẹ̀kan, eré rẹ̀ ń lọ sí bí kìlómítà 56 ní wákàtí kan, agbára tó fi ń fa okùn yóò sì tó ìlọ́po méjì ààbọ̀ ìwúwo ara rẹ̀, ìyẹn bí 430 gíráàmù. Bí ó bá ń fi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún yípo, ìfà náà á wálẹ̀ sí bí 270 gíráàmù. Bí ó bá di ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, ó ku 190. Ní ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ṣì ṣeé fọwọ́ mú. Ṣùgbọ́n bí bàálù náà bá gùn dé òkè orí yín gan-an, ìwúwo ara rẹ̀ ń fà á bọ̀ sọ́dọ̀ yín, a ó sì yọ 170 kúrò nínú ìfà okùn. Bàálù oníṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ṣì ní 260 gíráàmù tó fi ń bá yín sọ̀rọ̀ lókè níbẹ̀. Oníṣẹ́jú àáyá mẹ́fà ní 20 péré, atẹ́gùn kékeré kan sì tó láti gba ogún yẹn lọ. Bí bàálù ṣe ń gùn ni eré rẹ̀ sì tún ń dín kù, nítorí náà ìṣirò mi yìí ṣàánú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bàálù kékeré kan fi lè máa yípo ní ìsàlẹ̀ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, kó sì já lulẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ní kó gun òkè.

Ohun kejì tí àwọn ènìyàn kì í kà sí ni okùn fúnra rẹ̀. Bí a bá sọ bàálù di kékeré, okùn kì í kéré tó o. Okùn irin tí ó tọ́ fún ẹgbẹ́ yìí nípọn tó ìdá méjì nínú mẹ́wàá mìlímítà, èyí tí wọ́n ń pè ní .008 lọ́hùn-ún. Okùn méjì tó gùn ní mítà mẹ́sàn-án, bó ti wù kó tẹ́ẹ́rẹ́ tó, ń la afẹ́fẹ́ kọjá bí idà. Nínú ìṣirò tèmi, afẹ́fẹ́ tó ń dènà wọn lè tó ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ohun tí ẹ́ńjìnnì náà ń bá jà. Bí ẹ bá wá lọ fi okùn apẹja oníláílọ́ọ̀nù tó nípọn ní ìlọ́po méjì rọ́pò rẹ̀, ẹ ti sọ ẹrù náà di méjì, eré yóò sì wálẹ̀. Oníláílọ́ọ̀nù náà tún ń nà bí rọ́bà, nítorí náà ọwọ́ yín á tẹ̀ ẹ́ kí bàálù tó gbọ́. Okùn apẹja oníhun, èyí tí wọ́n hun bí irun dídì, tí kì í nà, ló dára bí ẹ kò bá rí okùn irin. Ní ti gígùn, mítà mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó gùn tó kí òòyì má tètè kọ́ yín, kò sì gùn débi tí ìfà yóò fi sọnù, nítorí pé ní eré kan náà, bí okùn bá ṣe gùn sí ni ìfà ń dín kù sí.

Pẹ̀lú èyí lọ́wọ́, PT-19 inú páálí yín ṣeé lóye. Bàálù ẹ̀kọ́ Fairchild tí àwọn ológun Amẹ́ríkà lò ni wọ́n wò ṣe é, ike aláwọ̀ búlúù àti yẹ́lò, wọ́n sì fi rọ́bà dè é pọ̀ kí apá rẹ̀ lè tú dípò kó fọ́ nígbà tó bá já. Ọgbọ́n ńlá ni ọgbọ́n rọ́bà yẹn, mo sì yin ẹni tó ronú kàn án. Ṣùgbọ́n ike wúwo fún ẹ́ńjìnnì kékeré, apá rẹ̀ kò fẹ̀ tó ẹrù tó gbé, nítorí náà ó ń fò ní ìpele kan bí ọkọ̀ akérò, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé kó gun òkè. Ọ̀pọ̀ àwọn tó bá irú rẹ̀ pàdé nígbà èwe ló gbà pé bí gbogbo bàálù onókùn kékeré ṣe rí nìyẹn. Ìṣòro náà kì í ṣe pé ó kéré. Ó wúwo, ìyẹn ni. Mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí orí ṣẹ́ẹ̀fù, kí ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ ìrírí àkọ́kọ́ ọmọ náà.

Èwo wá ni mo fẹ́ràn? Èyí tí mo máa ń fi sọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni irú Li'l Wizard tí Carl Goldberg ṣe: apá rẹ̀ jẹ́ pákó pẹlẹbẹ kan ṣoṣo, ara rẹ̀ náà jẹ́ pákó pẹlẹbẹ tó dúró lórí etí, kò sí ihò inú, kò sí egungun. Bí ẹ bá fi ìwé ìyọ́pákó yọ́ iwájú apá rẹ̀ kó yípo, tí ẹ yọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kó fẹ́lẹ́, pákó pẹlẹbẹ yẹn ń ṣe dáadáa ní irú ìwọ̀n báyìí ju bí ojú ṣe rò ó lọ. Yóò ta tàkìtì ńlá bí ẹ́ńjìnnì bá jí pépé. Kò lè yí ní kọ̀rọ̀ kékeré, torí pé apá tí kò nípọn máa ń já afẹ́fẹ́ sílẹ̀ bí ẹ bá fà á lójijì. Ẹ óò rí i pé imú ti gbé sókè ṣùgbọ́n ara kò tẹ̀ lé e.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ fún ara mi, tí mo ti kọ́ mẹ́ta irú rẹ̀ láti ọdún yìí wá, ni Baby Ringmaster ti ilé iṣẹ́ Sterling, àbúrò Ringmaster ńlá tó ti kọ́ àìmọye ènìyàn ní tàkìtì láti àwọn ọdún 1950. Apá rẹ̀ ní egungun, a sì ń fi ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, nítorí náà ó nípọn, ó gbòòrò, ó sì fúyẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti Li'l Wizard, ẹ ó fi ọrùn ọwọ́ mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i: bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó ń dáhùn lójú ẹsẹ̀, ó ń yí nídìí òpó kékeré kan, kì í sì í sọ okùn nù lójú òkè. Ó ń dojú dé láìsí ìyọnu, ó sì ń kọ nọ́ńbà 8 tó ṣeé kà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Li'l Satan wà, tí gbogbo ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ apá nìkan, tí wọ́n fi ń jagun: bàálù méjì nínú agbo kan náà, olúkúlùkù fa rìbọ́ọ̀nù sẹ́yìn, ẹni tó bá gé ti ẹnìkejì ló borí. Ó yára, ó sì máa ń yí bí àṣá. Ẹ má fi lọ ọmọdé ṣáájú ọdún kejì rẹ̀ nínú eré yìí.

Àwọn bàálù ilé iṣẹ́ Scientific ti Newark, tí wọ́n ti gbẹ́ igi ara wọn yọ inú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, lẹ́wà ju gbogbo wọn lọ. Mo ní ọ̀kan, ó sì wà lórí ògiri, nítorí pé apá wọn kéré sí ẹwà wọn.

Bóyá ẹ ti ń bi ara yín pé níbo ni ẹ ó ti rí wọn. Páálí wọn kò sí lọ́jà níhìn-ín, ẹ má sì wá a. Àwòrán wọn ni ẹ ó gbà, ẹ ó sì gé e fúnra yín. Àwọn òyìnbó fi igi balsa ṣe é, igi tó ti Ecuador wá, tó fúyẹ́ débi pé ẹ lè gbé ẹ̀ka rẹ̀ bí ẹni gbé òwú. Igi wa tó súnmọ́ ọn jù tó sì wọ́pọ̀ ní ọ̀dọ̀ àwọn onípákó ni arère, èyí tí ìyókù ayé mọ̀ sí obeche. Àwọn tó ń ṣe bàálù kékeré ní Yúróòpù pàápàá ń rà á láti fi bo apá onífóòmù. Ṣùgbọ́n arère wúwo ju balsa lọ ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta, nítorí náà ẹ má fi i ṣe gbogbo rẹ̀. Ara bàálù, níbi tí ẹ́ńjìnnì ń fi gbọn, ni arère yẹ, pẹ̀lú igi tín-ín-rín kan ní iwájú apá. Kí apá àti ìrù jẹ́ páálí fóòmù onímìlímítà márùn-ún tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fi ń ṣe iṣẹ́ ọnà, kí ẹ bọ́ ìwé ẹ̀gbẹ́ kan kúrò lára rẹ̀ kó lè fúyẹ́ sí i. Àwọn ọmọ Hausa ti ń fi pòròpórò ọkà bàbà kọ́ mọ́tò ìṣeré kí a tó bí wa, ó sì fúyẹ́ lóòótọ́. Mo ti dán an wò nínú egungun apá nígbà tí mo wà ní Zaria. Ó gbà, ṣùgbọ́n ìkòkò kòkòrò ni: oṣù kejì kò pé tí wọ́n ti jẹ inú rẹ̀ tán.

Ìwọ̀n tí mo fẹ́ kí ẹ gé nìyí. Apá láti orí dé orí, sẹ̀ǹtímítà 60. Fífẹ̀ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, 13. Kí gbogbo ojú ìrù tó ìdá kan nínú márùn-ún ojú apá. Kí gbogbo rẹ̀ má kọjá 180 gíráàmù pẹ̀lú ohun tó ń gbé e fò. Ohun tó kàn ni ojú ìwọ̀n: bí ẹ bá fi ìka méjì gbé bàálù náà lábẹ́ apá, ibi tó ti dúró láìtẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà méjì sí méjì ààbọ̀ sí etí iwájú apá. Ẹni tí bàálù rẹ̀ wúwo ní ìdí máa ń rò pé ọwọ́ òun ni kò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ìdí bàálù náà ni. Okùn méjèèjì gbọ́dọ̀ jáde ní orí apá òsì ní bí sẹ̀ǹtímítà kan lẹ́yìn ojú ìwọ̀n yìí, kí ìfà wọn lè máa yí imú bàálù síta díẹ̀. Nítorí ìdí kan náà, ẹ yí imú ẹ́ńjìnnì sí apá ọ̀tún ní ìwọ̀n digírì méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì lẹ ohun tó wúwo tó gíráàmù méje sí mẹ́wàá mọ́ orí apá ọ̀tún, torí pé okùn ń wọ apá òsì lọ sílẹ̀. Bàálù náà yóò máa yí sí òdìkejì aago, apá òsì rẹ̀ á kọjú sí yín nígbà gbogbo. Ewé ìrù kò gbọ́dọ̀ ṣí ju digírì ogún lọ ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Fún ọmọ náà, ẹ fi mọ ní mẹ́wàá lákọ̀ọ́kọ́.

Ní ti ohun tí yóò gbé e fò, inú mi kò dùn láti sọ èyí fún yín, ṣùgbọ́n Babe Bee kò ní rọrùn fún yín ní Abuja. Epo rẹ̀ jẹ́ mẹ́tánọ́ọ̀lù (irú ọtí kan tó lóró), òróró lárà tó tó bí ìdá kan nínú márùn-ún, àti nitromethane, kẹ́míkà tó ń fi agbára kún epo. Òróró lárà kò ṣòro. Igi rẹ̀ tí àwọn Hausa ń pè ní zurman ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà níbi gbogbo ní àríwá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí wọ́n fọ̀ mọ́ ni ẹ ó lò. Nitromethane ni ìṣòro: kò sí bàálù èrò tí yóò gbà á nínú ẹrù yín, bí kò bá sì sí i nínú epo tó bí ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ́ńjìnnì Cox kékeré á máa wúkọ́, á sì kú. Mẹ́tánọ́ọ̀lù pẹ̀lú kì í ṣe ohun tí à ń gbé sínú igo nílé tí ọmọ wà. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 2015, nígbà tí ògógóró tí mẹ́tánọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀ pa ènìyàn.

Nítorí náà, iná ni kí ẹ lò. Ọ̀rẹ́ yín oní-dírónù tó bú wa ni yóò sì wúlò fún yín jù, nítorí pé inú dírónù tó ti bàjẹ́ ni ẹ ó ti yọ ẹ̀rọ oníná tó wọn ogún gíráàmù, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń pín iná fún un. Bátìrì LiPo, irú èyí tó ń wà nínú dírónù, onísẹ́ẹ̀lì méjì, 450 mAh, wọn bí ọgbọ̀n gíráàmù. Abẹ̀bẹ̀ onínṣì mẹ́fà ló bá a mu. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ jẹ́ bí ọgọ́ta gíráàmù ó lé díẹ̀, nígbà tí Babe Bee wọn bí 45, nítorí náà kò burú. Ẹ gbọ́dọ̀ fi pátákó aago kékeré sí i tí yóò pa iná lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀, torí pé láìsí rẹ̀, ẹ kò ní ọ̀nà láti sọ fún bàálù náà pé eré tó. Ẹ rántí pé agbára bátìrì ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ó ṣe ń tán, nítorí náà ìfà okùn ní ìṣẹ́jú ìkẹyìn lè dín díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ohun tí mo pàdánù ni òórùn òróró lárà lára aṣọ. Ìyàwó mi kò pàdánù rẹ̀.

Ojú ọjọ́ àríwá ní ti rẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ máa ń dákẹ́ ní kùtù, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti gòkè tó bí aago mẹ́sàn-án, atẹ́gùn láti ìhà ìlà-oòrùn àríwá á sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú eruku, bàálù oní-170 gíráàmù kò sì ní ẹnu láti bá a jiyàn. Aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́jọ òwúrọ̀ ni tiyín. Bí atẹ́gùn kékeré bá wà, ẹ kọ ẹ̀yìn sí i nígbà tí ẹ bá fẹ́ gun òkè tàbí ta tàkìtì, kí ó lè máa ti bàálù kúrò lọ́dọ̀ yín. Ẹni tó bá ta tàkìtì ní ojú atẹ́gùn ń pe bàálù wá bá orí ara rẹ̀ ni. Bí ẹ bá rìnrìn-àjò lọ sí Jos, ẹ gé okùn kúrú. Jos ga tó bí 1,200 mítà, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ ju ti etí òkun lọ ní bí ìdá 13 nínú 100 ní ìwọ̀n ooru kan náà. Mo gbé bàálù kan tó ń ṣe dáadáa ní Abuja lọ síbẹ̀ láìyí ohunkóhun padà, mo ní kó kọjá lórí mi, mo sì rí okùn méjèèjì tí wọ́n rọ bí òwú ìránṣọ lójú mi. Mo sáré sẹ́yìn. Ẹ kì í lè sáré tó.

Pápá bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ kan ní Kubwa tó, bí ẹ bá ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà. Bàálù yín kò ní rédíò, kò ní kámẹ́rà, kò sì lè kọjá ibi tí okùn rẹ̀ mọ, ṣùgbọ́n olú ìlú ni a wà, ojú sì ti là sí ohunkóhun tó bá fò: ní oṣù kìíní 2025 ni àwọn ọmọ ogun fòfin de dírónù ní ìlà-oòrùn àríwá. Ẹ ṣàlàyé fún àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí kò ní àṣẹ nínú rárá ni wáyà iná mànàmáná. Okùn irin tó bá kan wáyà iná gíga ti pa awakọ̀ rí ní ilẹ̀ òkèèrè, okùn apẹja tó bá tutù tàbí tó léruku kò sì ní gbà yín. Tèmi ni pé bí mo bá rí òpó iná láàárín ọgọ́rùn-ún mítà, mo ń padà sílé. Ẹ tún so okùn kékeré kan mọ́ ọwọ́ ìdìmú àti ọrùn ọwọ́ yín, kí ẹ sì fi ìwọ̀n ọjà fa okùn méjèèjì pẹ̀lú bàálù tó wà ní ìdí wọn ní kìlógíráàmù méjì ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá já níbẹ̀, kò ní já lókè.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ náà dá mú ìdìmú. Ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, kí ọwọ́ yín bo ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ sì jọ máa yí pọ̀. Ẹ kọ́ ọ kó má fi ọrùn ọwọ́ ṣiṣẹ́ rárá ní ọjọ́ náà, kó na apá rẹ̀ tààrà, kó sì fi èjìká gbé e sókè sódò, nítorí pé ọrùn ọwọ́ ẹni tó ń bẹ̀rù máa ń yára ju bàálù lọ. Kó máa wo bàálù nìkan, kó má wo ilẹ̀ tàbí ilé. Òòyì kì í tètè kọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ dúró sí ibì kan. Bí òòyì bá kọ́ ọ síbẹ̀, kó jókòó, kí ẹ̀yin máa bá a lọ títí aago yóò fi pa iná. Ní ti Babe Bee, ẹ má tà á. Ẹ kan òróró ẹ̀rọ tó fúyẹ́ díẹ̀ sí inú rẹ̀, ẹ fọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó lè kárí, ẹ wé e sínú aṣọ tí kò ní eruku, kí ẹ sì kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ tí ẹ bá rí ẹni tó ń ta epo rẹ̀ ní Abuja, nítorí pé èmi náà ní mẹ́rin nínú àpótí.